Ọkọ̀ Tààrà Lọ sí Erékùṣù Ìyàwó Ọ̀sà

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, n'Ìbàdàn, iye ọkọ̀ tí ìyàwó ilé bá wọ̀ kó tó dé ilé àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ tó lè lò níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, ló ń tẹ̀ lé e, ó sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó bá a nínú Alùkùránì. Ìyàwó tó bá fẹ́ lọ kí ilé yóò wá kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Bàbá Àgbà yóò béèrè pé, "Ọkọ̀ mélòó?" Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì tàbí ti Òkè Padre kò ní ọkọ̀ kankan tí yóò wọ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn, yóò sì ti padà kí wọ́n tó kírun ìṣáì. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, bí ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti Ìwó, òun náà gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan kó tó wọ òmíràn lè sùn mọ́jú. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀, Bàbá Àgbà yóò kàn sọ pé, "Ìgbà tí a bá rí ọ la rí ọ," yóò sì máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé. Ọmọ ilé ni mí, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Mápó ní àwọn ọdún díẹ̀ tó ṣáájú òmìnira. Òfin ọkọ̀ yìí kò kàn mí rárá, nítorí náà mo lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n máa wò ó. Mo fẹ́ràn kí n máa wo nǹkan. Ìyá mi ní ìdí tí n kò fi tètè lọ́kọ nìyẹn.

Ìyàwó kan ṣoṣo ló wà nínú àwọn tí Bàbá Àgbà ń sọ "ìgbà tí a bá rí ọ" fún. Ìyàwó Ọ̀sà là ń pè é, nítorí pé erékùṣù kékeré kan láàárín ọ̀sà, ní òdìkejì Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti bí i. Àbúrò bàbá mi, tó ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, ló fẹ́ ẹ. Ó bá àwọn àlùfáà lọ ṣàdúrà níbi sàréè àlùfáà àgbà kan tí wọ́n sin sí erékùṣù náà. Àwọn tó kù ra ẹja gbígbẹ bọ̀, òun ní tirẹ̀ rí ìyàwó. Mo ju ìyàwó náà lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, mo sì ti wà nílé kó tó wọlé, nítorí náà "Ọkọ mi Tíṣà" ló ń pè mí. Èmi náà kì í pè é ní ìwọ, torí pé aya bàbá mi kékeré ni.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, Ìyàwó Ọ̀sà á di ẹrù rẹ̀, á sì kọrí sí ilé. Yóò wọ ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò wọ òmíràn dé Ẹ̀pẹ́, yóò sì dúró de ọkọ̀ ojú omi, èyí tó máa ń lọ nígbà tó bá wù ú. Nígbà mìíràn ó lè sùn sí etí omi kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Nígbà tí a bá tún máa fojú kàn án, oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo. Yóò ti sanra díẹ̀, aṣọ rẹ̀ yóò máa rùn èéfín ẹja, yóò sì máa fi èdè ìyá rẹ̀ bú ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Gbogbo wa gbà pé ọ̀nà jìn.

Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Opó ni ìyá náà, kò sì ní ọmọ mìíràn tó kù láyé. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé kan tó kọjú sí omi, yàrá mẹ́fà, fún àwọn àlejò tó ń wá sí ibi sàréè. Wọ́n ń pè é ní àbẹ̀wò sàréè, ṣùgbọ́n láti inú ohun tí èmi fojú ara mi rí lẹ́yìn náà, àdúrà kì í pẹ́ parí. Ohun tó kù ni kí èèyàn jókòó sábẹ́ àgbọn, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i lára, kó máa jẹ ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bọ̀ láti inú àwọ̀n. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá kò lè ṣe ìyẹn fún ọjọ́ kan kó tún kojú wàhálà ọ̀nà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n máa ń sùn, wọ́n tún máa ń sùn sí i. Ìyá náà ń dáná fún wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó mọ orúkọ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn àgbà tó mọ ọ̀nà ń kú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sọ pé àwọn ò lè máa tìtorí afẹ́ jókòó de ọkọ̀ bí ẹrù tí wọn ò tíì dì. Ọdún kan Ìyàwó Ọ̀sà dé, ó sì fajú ro. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì.

Ó ní, "Ọkọ mi Tíṣà, ìyá mi nìkan ló kù nínú ilé yẹn. Ó ń gbá gbogbo yàrá náà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń retí èrò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀."

Mo ní, "Ẹ mú wọn wá sí Ìbàdàn."

"Mo ti mú wọn wá rí. Ẹ ti gbàgbé ni?"

Mo rántí lóòótọ́. Ìyá náà wá nígbà ìkómọ, a sì mú un gun òkè Mápó kó lè fi ojú rí ìlú. Ó wo òrùlé páànù tó lọ salalu, ó sì béèrè ibi tí omi wà. Nígbà tí a fi odò Ògùnpa hàn án, ó ní a ṣeun. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyàwó Ọ̀sà ti mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tààrà sọ́kàn. Èrò rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ kan bá lè gbéra láti gáréèjì Mọlété láìdúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó já èrò sí etí omi níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè wọ́n, ilé ìyá rẹ̀ yóò tún kún. Kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá nìkan wà. Kò sí ohun mìíràn tó ń lé.

Wọ́n jiyàn ọ̀rọ̀ náà títí níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ibi tó bá dára, èèyàn á wá a kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ni wọ́n máa fi wọ́ débẹ̀. Wọ́n ní Mẹ́kà jìnnà, a sì ń lọ. Àwọn mìíràn ní Mẹ́kà ni Mẹ́kà, ẹja ni ẹja. Bàbá mi kékeré, tí kì í fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn ní gbangba, ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ kíkankíkan. Ọkùnrin kan tó wá gba agbádá ní kí ìjọba kúkú gbé ọkọ̀ òfuurufú kalẹ̀ ní Ìbàdàn, kó máa balẹ̀ sórí iyanrìn erékùṣù náà, kí gbogbo wa lọ jẹ ẹja láàárọ̀ ká sì padà wá jẹ ọkà lálẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ọ̀sà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá rí ọkọ̀ òfuurufú, òun fẹ́, ṣùgbọ́n bọ̀lẹ̀kájà onípákó lásán yóò tó òun.

Ọlọ́kọ̀ kan wà ní Mọlété nígbà náà, Aládùúrà tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi tí kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó Ọ̀sà mú mi dání lọ bá a. Ó ní ojú mi dà bí ojú ẹni tí wọ́n kì í purọ́ fún. Ọkùnrin náà gbọ́ tirẹ̀ tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹ kó èrò wá, n ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ná. Ta ló máa di ẹrù jókòó de ọkọ̀ tí kò sí?"

"Bí mo bá gbé e sílẹ̀ tí kò kún ńkọ́?"

"Á kún."

"Sàréè àlùfáà lẹ fẹ́ kí èmi Aládùúrà máa kó èrò lọ?"

"Ẹja ò béèrè ìjọ, Bàbá."

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín. Ó gbà láti dán an wò ní Sátidé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì ní Ẹ̀pẹ́ pé kó máa dúró de èrò òun. Ìyàwó Ọ̀sà kò sinmi mọ́. Ó ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn Ọjà'ba, ó ń sọ fún wọn bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ níbẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó fi atẹ́gùn polówó rí, wọ́n sì ń gbọ́ ọ.

Sátidé àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà kún débi pé àwọn kan padà sílé. Mo bá wọn lọ. A gbéra lẹ́yìn àsùbáà, oòrùn kò sì tíì mú rárá tí a fi dé etí omi. Ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró. Èmi kò fẹ́ràn omi, mo di pákó mú títí a fi dé. Èrò ṣàdúrà níbi sàréè, wọ́n bọ́ bàtà wọ omi dé orókùn, wọ́n jẹ ẹja, wọ́n ra àgbọn. Ìyá Ìyàwó Ọ̀sà ti tẹ́ ẹní sí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó fi omi tútù sínú àmù níwájú yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kírun alásárì tán, ọmọ ọkọ̀ dé, ó ń pàtẹ́wọ́ pé dẹ́rẹ́bà ń dúró ní òdìkejì. Gbogbo èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kí ìyá náà dáadáa, wọ́n sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò wọ yàrá kan.

Inú Ìyàwó Ọ̀sà dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n bá mọ ibẹ̀ tán wọn yóò máa sùn. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí mi.

Wọn kò sùn. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi sùn. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó máa gbé e délé kó tó jẹun alẹ́, kí ló máa mú un sùn sórí ẹní ẹlẹ́ni? Àlejò pọ̀ sí i ní erékùṣù náà ju bí ó ti wà láyé ọkọ ìyá yẹn lọ. Àwọn obìnrin pa àtíbàbà sí etí omi, wọ́n ń ta ẹja díndín, ọjà ń lọ fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà bóyá ọkọ̀ tààrà dára fún ibi kékeré bẹ́ẹ̀, n ó sọ pé ó dára fún àtíbàbà. Yàrá mẹ́fà náà ṣófo. Ìyá tó ti máa ń mọ orúkọ ọmọ àwọn àlejò kò mọ orúkọ àwọn àlejò gan-an mọ́.

Iléyá dé. Ìyàwó Ọ̀sà kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ti di ẹrù sílẹ̀ nínú yàrá.

Bàbá Àgbà ní, "Ọkọ̀ mélòó?"

Mo wà níbẹ̀, mo ń mu ẹ̀kọ, mo sì rí i nígbà tí ohun tí ọkọ̀ tààrà ṣe fún un yé e. N kò tíì rí ojú èèyàn tó yí padà bẹ́ẹ̀. Ìdajì agbo ilé wa ló ti wọ ọkọ̀ náà, kò sí bó ṣe lè purọ́.

Ó ní, "Ọ̀kan ni, Bàbá."

"Ìyẹn ni pé o máa dé kí a tó kírun ìṣáì."

Èmi ni mo bínú. Mo ní, "Bàbá, omi ńkọ́? Ẹ ò ka omi?"

"Omi kì í ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ orí omi yẹn, ọlọ́kọ̀ kan náà ló ní kó máa dúró." Ó yíjú sí mi. Kò bínú. "Tíṣà, ìyàwó Ìwó ń gbọ́ wa nínú ilé. Ìyá tirẹ̀ náà ti dàgbà. Bí mo bá fún ẹni tó wọ ọkọ̀ kan ní oṣù kan, kí ni kí n sọ fún un?"

Bàbá Àgbà kì í ṣe ìkà èèyàn, ìyẹn ló jẹ́ kí ó le. Ó tilẹ̀ ní kí Ìyàwó Ọ̀sà máa lọ lóṣooṣù bó bá wù ú, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti ya. Ó sì ń lọ. Bí a bá ní ká ka iye ìgbà tó fojú kan ìyá rẹ̀ lọ́dún náà, ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti gbé ìkòkò kaná, tí wọ́n jọ ń yọ ìpẹ́ ẹja, ọmọ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó sọ fún mi pé òun kì í bá ìyá òun sọ ọ̀rọ̀ kankan parí mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, wọ́n á ti gbàgbé ibi tí wọ́n bá a dé bí oṣù mìíràn bá wọlé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò sì mọ nǹkan tí mo lè ṣe sí i.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, ó tún wá kúnlẹ̀.

"Ọkọ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, Bàbá."

Bàbá Àgbà dá tẹ̀sùbáà dúró. "Mẹ́ta báwo?"

"N ó wọ ti Ìjẹ̀bú-Òde, n ó bọ́ sílẹ̀. N ó wọ ti Ẹ̀pẹ́, n ó bọ́ sílẹ̀. N ó sì wọ ti àwọn apẹja, kì í ṣe èyí tí ọlọ́kọ̀ Mọlété ní kó máa dúró."

"Ọkọ̀ tààrà ò sí mọ́ ni?"

"Ó wà, Bàbá."

Ìyàwó Ìwó yọjú láti inú yàrá rẹ̀. Mo rò pé Bàbá Àgbà yóò jágbe mọ́ ọn, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó wò ó títí. Òfin tirẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yìí, odindi, kò sí ibì kan tó ya.

Ó ní, "Ta ló máa jẹ́rìí pé ọkọ̀ mẹ́ta lo wọ̀?"

Ìyàwó Ọ̀sà yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní ìsinmi, n kò ní àwáwí kankan.

Bàbá Àgbà ní, "Ó dáa. Ìgbà tí a bá rí yín la rí yín."

Ní Mọlété, a gba iwájú bọ̀lẹ̀kájà tààrà kọjá, àpótí wà lórí Ìyàwó Ọ̀sà. Ọlọ́kọ̀ Aládùúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ̀ yín nìyí."

"Mo rí i, Bàbá."

"Àyè ṣì wà o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kó kún." Ó sì ń lọ. Ojú tì mí. Mo kí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Ìyàwó Ọ̀sà ló bẹ̀ ẹ́ kó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, òun náà ló ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lára rẹ̀ yìí.

Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde kò gbéra títí oòrùn fi gun àtàrí. A ṣì jókòó sínú rẹ̀ ní gáréèjì nígbà tí bọ̀lẹ̀kájà tààrà kọjá lọ, àwọn ará Ọjà'ba ń juwọ́ sí wa, wọ́n rò pé a ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni. Mo fi ìdajì ọ̀nà gbé ẹsẹ̀ lé àpò gaàrí ẹnìkan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, a tún dúró. Nígbà tí a fi máa dé Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja ti lọ, a sì sùn sí àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀. Mo sọ fún Ìyàwó Ọ̀sà láìfi bò pé bí kì í bá ṣe ẹ̀rí tí wọ́n ní kí n jẹ́, mo ti padà sílé. Ó bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú. Láti ọdún tó kọjá, n kò gbọ́ kó kọrin.

Ìdájí Sọ́ńdè ni apẹja kan gbé wa sọdá. Sọ́ńdè, ọkọ̀ tààrà kì í wá, nítorí náà etí omi dákẹ́, àwọn àtíbàbà ṣófo. Ìyá náà tẹ̀ ba níwájú ilé, ó ń fọ ìkòkò. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀, kò sì dìde. Ó ní, "Ìgbà wo ni ọkọ̀ yín ń padà?"

Ohun tó máa ń bi gbogbo èèyàn nìyẹn, Ìyàwó Ọ̀sà sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó fi ń mọ bóyá kí òun dáná tàbí kí òun má dáná.

Ìyàwó Ọ̀sà ní, "A ò bá ọkọ̀ tààrà wá, Ìyá mi."

Ìyá náà wo àpótí tó wà lórí rẹ̀. Ó wò mí, èmi ọmọ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo rí i pé ẹ̀rù bà á. Ó fi ìkòkò sílẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n lé ọ ni?"

"Wọn ò lé mi, Ìyá mi. Mo wá sùn ni."

Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbọn ẹní, tó ń sunkún.